Orí Karùn-ún: Ẹni Tó Di Okùn Mú

"Ọgọ́ta," ni ẹ̀rọ wí. "Mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Méjìdínlọ́gọ́ta."

Iná orí àga kẹta ti pọ́n wẹ̀ẹ̀. Obìnrin tó wà lórí àga náà di ojú rẹ̀ pinpin, ó ń mí gúlegúle. Rọ́bà méjì wà ní apá òsì rẹ̀: ọ̀kan ń fa ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ, èkejì ń dá èyí tí wọ́n ti fọ̀ padà. Tí ẹ̀rọ bá fi lè ka iye yẹn tán kí iná tó ń fi ìbẹ̀rù aláìsàn hàn tó rọlẹ̀, yóò dá ẹ̀jẹ̀ padà fún ẹni tó ni ín, yálà ó ti mọ́ tàbí kò tíì mọ́, yóò pa ara rẹ̀, yóò sì darí omi tó kù sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri Ilé Afọ̀jẹ̀ Òkè-Àsálà: OMI KÌ Í DÚRÓ DE OJO.

Ìyùnadé sáré wọlé, kò tíì so okùn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tán.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọkọ mi!" Ó kúnlẹ̀ gbì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. "Wọ́n ní ẹ̀rù ń bà yín. Àga tí ẹ jókòó lé ńkọ́? Ẹ ti bi í bóyá ẹ̀rù ò ba òun náà?"

Obìnrin náà sanra, kì í ṣe sísanra kékeré, ìdí nìyẹn tí Ìyùnadé fi ń pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó la ojú kan. "Ìyàwó, fi mí sílẹ̀. Ọkàn mi ń fò."

"Níbo ló fẹ́ fò gbà? Ọ̀nà wo ló wà níbẹ̀? Láàárọ̀ yìí tí ẹ gun ìwọ̀n, etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ tí ìwọ̀n ń bẹ̀bẹ̀, ó ní ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ máa gun òun lẹ́nì kọ̀ọ̀kan."

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọgbọ̀n."

Ikùn Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kọ́kọ́ mì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tí ènìyàn ń gbìyànjú láti gbé mì tí kò gbé mì. Iná di yẹ́lò, ó di àwọ̀ ewé. Ẹ̀rọ dákẹ́ bí ẹni pé kò sọ nǹkan kan rí.

"Orí ẹ ò pé, Ìyàwó."

"Orí mi pé. Ẹ̀yin lẹ wúwo."

Ìyùnadé kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà. Adẹ́rìn-ínpòṣónú Ìpele Kejì ni Àjọ Olómi pè é nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, wọ́n sì fún un ní ìwé àwàdà kan tó nípọn bí bíríkì. Àwọn akọ̀wé Àjọ ló kọ ọ́, ẹ̀yin náà ẹ wá fojú inú wò ó. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, ó ka àwàdà kẹrìndínlógún sókè ketekete. Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Àga mẹ́ta ló pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ méjì sì pa ara wọn. Ìyùnadé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún.

Bàbá orí àga kẹfà ló pè é. Agbẹ́kànga ni bàbá náà tẹ́lẹ̀, Adéṣiyan lorúkọ rẹ̀, eyín mẹ́ta péré ló kù sí i lẹ́nu.

"Ọmọ mi, ẹ̀rín àlejò lo ń há fún wa," ló wí. "Gbọ́ mi. Ogójì ọdún ni mo fi gbẹ́ kànga, èmi nísàlẹ̀, Tàfá lókè. Tàfá ló ń di okùn mú. Tí o bá wà nísàlẹ̀ kànga, ojú ò ríran, o ò lè mọ̀ bóyá ẹni tó wà lókè ṣì wà níbẹ̀ tàbí ó ti sùn lọ. Èébú ni Tàfá fi máa ń jẹ́ kí n mọ̀. Á bú mi láti àárọ̀ dalẹ́. Á ní orí mi rí bí ìkòkò tí wọ́n mọ nínú òjò. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ti ń gbọ́ èébú, ọkàn mi balẹ̀, mo mọ̀ pé okùn wà lọ́wọ́ ènìyàn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló yí ohùn padà. Ó ní, 'Adéṣiyan, ọ̀rẹ́ mi, ṣé dáadáa lo wà?' Háà! Ara mi bù máṣọ. N ò dá a lóhùn, inú ihò tí mo gbẹ́ sára ògiri ni mo ki ẹsẹ̀ bọ̀, mo gun òkè bí aláǹgbá. Nígbà tí mo débẹ̀, fọ́nrán kan ṣoṣo ló kù lára okùn."

Ó wo Ìyùnadé lójú. "Inú kànga ni gbogbo àwa tí o rí yìí wà. Di okùn mú. Fi ara rẹ ṣe ìyàwó ilé wa, kó o sọ wá ní orúkọ, kó o máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ bí ìyàwó ṣe ń fi àwọn ọmọ ọkọ ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí ìyàwó."

Báyìí ni Ìyùnadé ṣe di ìyàwó. Ìyàwó kì í sì í pe ọmọ ilé lórúkọ, gbogbo yín lẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó fún olúkúlùkù ní orúkọ tirẹ̀. Bàbá eléyín mẹ́ta di Eyínfúnjowó. Láti ọdún méjì ààbọ̀, kò pè é ní nǹkan mìíràn rí. Ìwé àwàdà Àjọ sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì kan tí kò dúró dáadáa.

Kò tíì dìde lórí eékún tán nídìí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí Alábòójútó fi pè é láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni Alábòójútó, ètè rẹ̀ máa ń bó nígbà gbogbo nítorí pé òun náà ń mu ìwọ̀nba omi tí wọ́n fún un. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì na wàláà sí i, dígí pẹlẹbẹ tí gbogbo àṣẹ Àjọ máa ń gbà wá.

"Àga kẹfà," ló wí. "Ẹ̀rọ ka egungun rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti pé àádọ́rin ọdún."

"Mà, bàbá ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin lòun."

"Bàbá ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Egungun mọ̀ ọ́n. Tòní ló kù. Lẹ́tà á bá a nílé lọ́la."

Ìyùnadé mọ òfin náà. Ta ni kò mọ̀ ọ́n lórí òkè yìí? Ẹni tó bá ti pé àádọ́rin ọdún, omi ti ré e kọjá, wọn ò ní fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ilé Afọ̀jẹ̀ kì í sọ fún ẹni tọ́rọ̀ kàn kí ó tó kúrò lórí àga, nítorí pé nígbà kan tí wọ́n máa ń sọ ọ́, ẹnì kan á ké, iná rẹ̀ á pọ́n, ẹ̀rù á sì ràn dé àga tó kù. Adẹ́rìn-ínpòṣónú ló sì gbọ́dọ̀ mú un rẹ́rìn-ín títí tí wákàtí mẹ́rin á fi pé. Ó ti búra sí i. Ó ti ṣe é fún ènìyàn mẹ́ta, gbogbo ìgbà tó sì ṣe é ni oúnjẹ kì í lọ lọ́fun rẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

"Ka ìsàlẹ̀ rẹ̀," ni Alábòójútó wí.

Ó kà á. Ẹni tó kàn lórí àga kẹfà, láti ọ̀la lọ: Kíkẹ́lọmọ. Àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tó ti ń dúró fún oṣù mọ́kànlá, tí ojú rẹ̀ wú débi pé kì í fẹ́ kí àwọn ọmọ òun rí òun láàárọ̀, tó jẹ́ pé tó bá sùn sílẹ̀ gbalaja, èémí ò ní dé ọ̀fun.

Ká má purọ́, ayọ̀ ló kọ́kọ́ bà lé e. Ọpẹ́ ti dé ẹnu rẹ̀ kó tó rántí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé dìde lórí àga náà. Ìtìjú wá bò ó. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Wọn ò sọ ohun téèyàn máa ṣe nígbà tó jẹ́ pé ará ilé ẹni méjì ló dúró sójú kan.

"Tí iná bàbá bá pọ́n títí tí ẹ̀rọ fi pa ara rẹ̀," ni Alábòójútó wí, kò wo ojú rẹ̀, "Àjọ á gbà pé o ti sọ fún un. Orúkọ àbúrò rẹ á padà sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìyùnadé, mi ò fi dẹ́rù bà ọ́ o. Mò ń sọ ohun tó wà nílẹ̀ ni."

"Mo gbọ́, mà."

"Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ̀rọ ń fetí ṣọ́. Ikú, ìgbẹ̀yìn, òpin, ó dìgbóṣe, gbogbo wọn ló ń gbọ́. Ṣọ́ ẹnu rẹ."

Nígbà tó jáde, bàbá ti gun ìwọ̀n tán, ó ti wà lórí àga. Nọ́ọ̀sì ti ki abẹ́rẹ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lápá, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń rìn nínú rọ́bà, ó dúdú ní lílọ, ó mọ́ díẹ̀ ní bíbọ̀. Àpò aṣọ kékeré rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, bàtà kò sì wọ ọ̀kan nínú wọn mọ́.

"Kí ló dé tí Ìyàwó mi ò tíì bú mi láàárọ̀ yìí?" ló ké. "Mo ti ń jókòó láti àná o! Ìwọ̀n ní mo yó ju bó ṣe yẹ lọ. Irọ́ ni. Ẹnu ni mo fi kan omi, mi ò mu ún. Mo kàn kí i ni."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyùnadé wá síwájú. Ó ti to èébú mẹ́rin sẹ́nu kó tó dé ibẹ̀, méjì lórí eyín, ọ̀kan lórí ẹsẹ̀, ọ̀kan lórí omi tí bàbá ní òun kàn kí. Ó kúnlẹ̀. Ó wo ojú arúgbó náà, ó wo bó ṣe ń dúró de èébú rẹ̀ bí ọmọdé tó ń dúró de àkàrà gbígbóná, èébú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì sá kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Adéṣiyan," ló wí. "Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ẹyin lohùn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yí orí rẹ̀ lórí ìrọ̀rí, ó ń wò wọ́n.

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu bàbá, ṣùgbọ́n kò sí nínú ojú rẹ̀ mọ́. Iná orí àga kẹfà di yẹ́lò. Kò pẹ́ lórí yẹ́lò rárá tó fi pọ́n.

"Ọgọ́rùn-ún," ni ẹ̀rọ wí. "Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún."

"Ìgbà wo ni okùn bẹ̀rẹ̀ sí í já?" ni bàbá béèrè jẹ́jẹ́.

Ìyùnadé gbọ́ ìkìlọ̀ Alábòójútó nínú orí rẹ̀. Kò sí okùn nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń fetí ṣọ́. Kò sí kànga níbẹ̀. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Wọ́n... wọ́n ka egungun rẹ̀."

"Òní?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá wo òkè àjà. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Ó fi ọwọ́ tí kò ní abẹ́rẹ́ di etí àga mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jù sílẹ̀, Ìyùnadé sì rí omi tó gba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ wọ inú etí. Ẹ̀rù ń bà á. Kò sí ẹni tí irú ẹ̀ ò ní í bà lẹ́rù, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

"Àádọ́rin," ni ẹ̀rọ wí.

"Ta ló ń bọ̀ sínú kànga lẹ́yìn mi?"

Ó fẹ́ parọ́. Ó wo àwọn eyín mẹ́ta yẹn, irọ́ kò sì jáde. "Àbúrò mi ni, bàbá. Kíkẹ́lọmọ."

"Èyí tó o máa ń sọ pé ojú rẹ̀ ń wú?"

"Òun ni."

"Omi ibo ló mu?"

"Kànga Ìsàlẹ̀-Ọsàn. Ibẹ̀ la gbé. Nígbà tí òkun gun òkè, omi ibẹ̀ di iyọ̀, omi iyọ̀ náà ló sì ń mu."

Ẹ̀rọ ka ogójì. Ó ka mọ́kàndínlógójì. Ìyùnadé ń gbọ́ orúkọ àbúrò rẹ̀ bó ṣe ń padà sísàlẹ̀ nínú gbogbo òǹkà tó ń bọ́.

"Èmi ni mo gbẹ́ ẹ," ni bàbá wí nígbẹ̀yìn gbẹ́yín. "Èmi àti Tàfá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Èmi ni mo kọ́kọ́ bu omi rẹ̀ mu, mo ní ó dùn." Ó nu ojú rẹ̀ sí èjìká. Ó wá pariwo mọ́ ọn lójijì, "Ẹ̀yin ará òkè! Ṣé ẹ ti sùn ni? N ò gbọ́ èébú o!"

"Bàbá..."

"Má pè mí ní bàbá! Bú mi! Ṣé okùn wà lọ́wọ́ rẹ àbí kò sí?"

"Ogún," ni ẹ̀rọ wí. "Mọ́kàndínlógún."

Ìyùnadé la ẹnu. Ohùn tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe ohùn rárá, ó dà bí ti ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun. Ó tún la ẹnu.

"Eyínfúnjowó!" ló ké. "Eyín mẹ́ta bí ààrò! Ọbẹ̀ ló kù ká gbé kaná sí yín lẹ́nu! Ẹsẹ̀ méjèèjì wú bámúbámú, ta lẹ fi iṣu pa mọ́ fún níbẹ̀? Ẹ ní ẹ kàn kí omi. Kí ni omi fi dá yín lóhùn? Ṣé kò ní kí ẹ kí ará ilé fún òun?"

"Ẹ̀ẹ́n," ni bàbá wí, ó di ojú rẹ̀. "Méjìlá lẹ̀rọ kà yẹn. Fi kún un."

"Tàfá purọ́ tó ní orí yín bí ìkòkò tí wọ́n mọ nínú òjò! Ìkòkò ṣì wúlò! Kànga tí ẹ gbẹ́, ihò ni. Etí yín, ihò ni. Ẹnu yín, ihò ni. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run gbé lé yín lọ́wọ́, ẹ sì ti ara yín bẹ̀rẹ̀!"

Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu bàbá dà bí ikọ́. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bú sẹ́rìn-ín lórí àga kẹta, bàbá sì bú sẹ́rìn-ín tẹ̀lé e, eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, omi ojú ń dà, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, rọ́bà ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rọ ka mẹ́ta. Kò ka méjì. Iná di yẹ́lò.

Àwọn baba wa ní bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín. Wọn ò sọ pé ẹkún á lọ. Ẹkún náà jókòó síbẹ̀ nínú ẹ̀rín, ó ń dúró.

Wákàtí mẹ́rin ni Ìyùnadé fi bú arúgbó yẹn. Kò jẹun, kò jókòó. Ó bú imú, ó bú ìrìn, ó bú fìlà tí bàbá fi sílẹ̀ nílé. Nígbà tí èébú bá tán lẹ́nu rẹ̀, bàbá á yá a ní ọ̀kan nínú ti Tàfá. Nígbà mìíràn, bàbá á dákẹ́, iná á tún máa wo yẹ́lò, Ìyùnadé á sì tún bẹ̀rẹ̀. Láàárín rẹ̀ ni bàbá ń rán an níṣẹ́ sí Kíkẹ́lọmọ, á sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Kí wọ́n gbé ìrọ̀rí yẹn kúrò, ó máa ń gún ni lọ́rùn. Abẹ́rẹ́ kejì ló ń dunni ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí ọmọ náà má jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ tàn án. Òtútù á mú un tó bá di wákàtí kẹta, kí ó mú aṣọ ìbora wá láti ilé, ti ibí ò dáa.

"Kí ló ń bà á lẹ́rù jù?" ni bàbá béèrè lẹ́ẹ̀kan.

"Kí àwọn ọmọ rẹ̀ má gbàgbé bójú rẹ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀."

Bàbá ronú. "Ojú wíwú. Pè é ní Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́-róbótó. Á kọ́kọ́ bínú, á wá rẹ́rìn-ín."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì yọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n sì ti di apá rẹ̀, bàbá dìde, ó gbá àpò rẹ̀ mọ́ra, ó dúró níwájú Ìyùnadé. Ẹ̀rọ ò gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn mọ́ níbẹ̀.

"Bù mí lómi," ló wí. "Kì í ṣe ìlàjì ife. Kó kún."

Láti ọdún méjì ààbọ̀, wọ́n ti ń ka omi fún un ní ìdajì ife lóòjọ́, nítorí kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ kò ní ibi tó máa darí omi sí. Ìyùnadé mọ ohun tó ń béèrè. Ó gbé ìgò tirẹ̀ jáde nínú àpò iṣẹ́, omi ọjọ́ rẹ̀ tí kò tíì fẹnu kàn, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú ife títí tó fi ń dà sí i lọ́wọ́.

Bàbá mu ún láìmí. Gògóńgò rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Nígbà tó tán, ó dúró, ó di ife náà mọ́ àyà.

"Ó lé ní ọgọ́rùn-ún kànga tí mo gbẹ́," ló wí. "Mo ti gbàgbé bí omi ṣe ń dùn tó." Ó dá ife padà. "Ìyàwó, o ṣeun. Máa wò mí lọ."

Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde sínú oòrùn ọ̀sán. Ọ̀nà tó ti Ilé Afọ̀jẹ̀ sọ̀kalẹ̀ gùn, òkúta ni gbogbo rẹ̀, ó sì ṣẹ́ kọ́rọ́ níbi tí àpáta ńlá kan wà. Bàbá ń fà lọ díẹ̀díẹ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́. Ó dé ìdajì ọ̀nà kó tó dúró. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó kàn dúró gbagidi sójú kan, ó dẹ etí sílẹ̀.

Wọ́n kọ ọ́ sára òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pariwo. Alábòójútó wà lójú fèrèsé. Ìyùnadé di òpó náà mú.

"Eyínfúnjowó!" ló ké. "Ṣé ẹ ti sọnù ni? Ìrìn yín bí ìrìn ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́! Eyín mẹ́ta ò wúwo o, kí ló ń fà yín sẹ́yìn?"

Arúgbó náà na ọwọ́ tó di bàtà mú sókè, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Alábòójútó ò dá a lẹ́kun. Ìyùnadé bú bàbá dé ibi àpáta, ó bú u títí tó fi ṣẹ́ kọ́rọ́, títí tí kò fi rí orí rẹ̀ mọ́, kò sì dákẹ́. Ohùn rẹ̀ ti ha. Ó bú etí, ó bú imú, ó bú fìlà tó wà nílé. Kò mọ ibi tí bàbá dé, kò sì mọ bóyá ó ṣì ń gbọ́, nítorí náà kò lè fi okùn náà sílẹ̀.